Láti Ìkòròdú Dé Orí Òkè Adó-Àwáyè: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Òpin Ọ̀sẹ̀ Kan Wọ Ihò Àpáta Kí Ẹ Sì Gun Òkè

Ọ̀sà ló wà níwájú àwa ará Ìkòròdú, ilẹ̀ títẹ́jú ló sì yí wa ká. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè gidi, àfi kó wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ò jìnnà tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Tí ẹ bá jáde nílé ní ìdájí Sátidé, ẹ lè wọ inú ihò tí àwọn Ẹ̀gbá fara pa mọ́ sí lábẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta kí oòrùn tó mú, kí ẹ sùn sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ wà létí adágún Ìyàkẹ́ lórí òkè Adó-Àwáyè ní àárọ̀ Sọ́ńdè, kí ẹ sì sun orí bẹ́ẹ̀dì yín nílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo dìídì pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni. Olúmọ kéré, Adó-Àwáyè tóbi. Olúmọ ni ẹ ó fi jí ẹsẹ̀ yín. Àwọn kan máa ń fẹ́ kó Olúmọ àti Ìdànrè pọ̀ sínú òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Inú mọ́tò ni wọ́n máa ń lo gbogbo rẹ̀ tán. Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, tó ohun tí èèyàn ń ya ọjọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ dá ọjọ́ sí ìgbà tó dáa

Láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni mo fara mọ́ jù. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, omi ṣì kún adágún, koríko ṣì tutù, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Nígbà ọyẹ́, ara máa ń fúyẹ́ láti gun òkè lóòótọ́, àmọ́ ẹ lè làágùn dé orí tán kí ẹ má rí nǹkan kan ju eruku funfun lọ níbi tó yẹ kí ẹ ti máa wo ìlú.

Ìgbà òjò ni kí ẹ yẹra fún. Àwọ̀ dúdú tí ẹ máa ń rí tó ṣàn wálẹ̀ lára àpáta ńlá yẹn, ohun tó ń hù ni. Tí omi bá ti kàn án, yíyọ̀ rẹ̀ ju ti balùwẹ̀ tí wọ́n da omi ọṣẹ sí lọ. Mànàmáná sì tún wà níbẹ̀. Lórí àpáta gbalasa, èèyàn ló máa ń ga jù. Tí ẹ bá gbọ́ ààrá, kódà kó jẹ́ lókèèrè, ẹ yí padà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sì lọ sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá dúró.

Kí ẹ tó sọ fún ẹgbẹ́ yín pé ọjọ́ báyìí la ń lọ, ẹ wá ẹni tó mọ ìlú náà, kí ẹ bi í bóyá ọdún kan tàbí orò kan bọ́ sí ọjọ́ náà. Àwa tí wọ́n ń kéde fún nílé pé kí obìnrin má jáde lọ́jọ́ Orò, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé òkè tí wọ́n ń bọ náà ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ múra ẹsẹ̀ sílẹ̀

Ó kéré tán, kó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí òkè ní Ìkòròdú, àmọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lójú ọ̀nà Mile 12. Ẹ gùn ún lọ, ẹ gùn ún bọ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún láìjókòó, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á wò yín bíi pé nǹkan ń ṣe yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ọjọ́ tí ẹ bá lè gùn ún tí ẹ sì ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín tàkúrọ̀sọ láìmí hẹlẹ, ẹ ti ṣe tán.

Nílé, ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn kan, kí ẹ máa rọra sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ títí gìgísẹ̀ yóò fi fẹ́ kan ilẹ̀, kí ẹ tún gbé e padà. Orúnkún ni ìsọ̀kalẹ̀ máa ń bá jà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í múra sílẹ̀ fún.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée, kó rí dókítà kó tó sanwó ọkọ̀, kí ẹni tó ń lo oògùn tí wọ́n ń fà símú sì fi sí àpò tí ọwọ́ rẹ̀ ń dé, kó má jẹ́ ìsàlẹ̀ báàgì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù nínú ìrìn àjò báyìí, nítorí òùngbẹ àti àṣejù lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. Tí dókítà rẹ̀ bá ní kò séwu, kó máa mu omi láìdúró de òùngbẹ, kó sì dúró sí Olúmọ. Kò pọn dandan kó bá yín dé Adó-Àwáyè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹrù

Bàtà ló ṣáájú. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀, tí ilà ìsàlẹ̀ náà kò tíì jẹ tán, ti tó. Kí ó jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀. Bàtà tuntun á bó yín ní gìgísẹ̀. Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí: ẹ da omi díẹ̀ sórí táìlì, ẹ wọ bàtà náà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ ibẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti ti ẹsẹ̀ náà síwájú. Tó bá dúró gírígírí, ẹ mú un lọ. Tó bá yọ̀, ẹ yá ti ẹlòmíràn. Sílípáàsì àti bàtà tó ní gìgísẹ̀, inú ilé ìtura ni wọ́n ti wúlò.

Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún òkè Sọ́ńdè. Píọ́wọ́tà olóòrá mẹ́rin nìyẹn, ó sì rọrùn láti tò sínú báàgì ju ìgò ńlá kan lọ. Kí ọ̀rá rẹ̀ bá yín padà sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà sínú ìgò kan fún ẹni tí ara rẹ̀ bá fẹ́ kọ̀: omi tó mọ́ lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ rẹ́ orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fojú bù ú. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù a máa ṣe ìpalára. Òòjọ́ ni kí ẹ po ó. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù.

Oúnjẹ orí òkè kì í ṣe jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà. Gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà, kókóró alágbàdo, ìpékeré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́: àwọn nǹkan tí kì í bàjẹ́, tí èèyàn lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rìn.

Fún ihò, tọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọdẹ máa ń dè mọ́ orí ló dáa jù, torí ẹ máa nílò ọwọ́ méjèèjì. Iná fóònù máa ń gba ọwọ́ kan, bí fóònù bá sì já bọ́ sáàárín òkúta, ẹ ti fi í ta òkè lọ́rẹ nìyẹn. Ẹ tún mú fìlà, báńdéèjì, àti owó níná tó pọ̀ ní owó kéékèèké. Ẹ má gbára lé POS tàbí ìsanwó orí fóònù ní ìdí òkè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọ̀nà Sátidé

Kí aago mẹ́fà àárọ̀ bá yín nínú mọ́tò tó ń lọ Ṣàgámù. Ìdí rẹ̀ kò ju àwọn tírélà lọ: tí tírélà àwọn iléeṣẹ́ Odògùnyàn àti Ọ̀gíjó bá ti bọ́ sójú ọ̀nà tán, ìrìn wákàtí kan lè di mẹ́ta. Ní Ṣàgámù, ẹ wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta tó gba Síún, kí ẹ sọ̀ ní Kútọ̀. Láti ibẹ̀, táksí tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé yín dé Olúmọ.

Ẹ fi orúkọ ibi tí ẹ fẹ́ sùn àti wákàtí tí ẹ ń retí láti padà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan nílé. Fọ́tò tí ẹ bá yà, ẹ fi sórí Facebook nígbà tí ẹ bá padà délé. Kò sí ìdí tí gbogbo ayé fi gbọ́dọ̀ mọ ojú ọ̀nà tí ẹ wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ojúmọmọ nìkan ni kí ẹ máa rin ìrìn yìí, àlọ àti àbọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Olúmọ, àti bí a ṣe ń wọ ihò

Gíga Olúmọ láti orí omi òkun jẹ́ mítà 137. Ẹ máa rí i pé wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀, àtẹ̀gùn tuntun náà sì wà. Ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ sọ fún amọ̀nà pé ọ̀nà àtijọ́ lẹ fẹ́, èyí tó gba àárín àpáta méjì tó súnra mọ́ra, kí ẹ sì fi àtẹ̀gùn tuntun sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀nà tóóró náà, ẹ gbé báàgì sáyà, ẹ fi èjìká kan ṣáájú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn sún mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín á fi gbá a lórí tó bá yọ̀.

Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti lé kúrò nílé dé síbí, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti wọ ihò náà. Òrùlé rẹ̀ kò ga; àpáta ńlá kan ló dà borí àwọn kékeré, àlàfo tó ṣẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀ sì ni ìdílé ń sùn sí. Ẹ má wọlé kíákíá. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ṣí fìlà kúrò lórí (ẹni tó dé fìlà kì í mọ ibi tí òrùlé wà títí yóò fi kàn án), ẹ gbé ọwọ́ kan sókè kó máa fọwọ́ kan àpáta níwájú orí yín, kí ẹ sì tẹ orúnkún dípò kí ẹ tẹ ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú méjì. Ojú á mọ́ òkùnkùn náà lára, ẹ ó sì rí ohun tí iná kì í jẹ́ kéèyàn rí: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, bí atẹ́gùn ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá, àti bí ẹni tó bá jókòó sínú lọ́hùn-ún ṣe lè rí ẹni tó ń bọ̀ kí ẹni náà tó rí i.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tan iná sí ilẹ̀. Ẹ wo àwọn ojú ihò róbótó tó wà lára òkúta. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan jíjẹ nígbà tí ogun wà níta. Ẹ ki orí ìka yín bọ ọ̀kan: inú rẹ̀ ń dán, etí rẹ̀ rí hàrà. Ọwọ́ èèyàn ló fi jẹ bẹ́ẹ̀. Fún èmi, kò sí ohun mìíràn ní Olúmọ tó tó èyí wò, kódà kì í ṣe orí òkè pàápàá.

Ojúbọ wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Tí ẹ bá bá àwọn ìyá àgbà níbẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní nǹkan bí ọwọ́ yín bá ṣe mọ. Kò sí ẹ̀sìn kankan tí ìkíni ń bà jẹ́.

Àwọn kan máa ń jáde níbẹ̀ tí wọ́n á ní, “Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?” Ohun tí wọ́n ti wò nínú fíìmù ni wọ́n ń retí, ihò tó ń gùn lọ láìlópin sábẹ́ ilẹ̀. Irú ihò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà nínú irú òkúta tí wọ́n ń wà ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, torí omi òjò máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ọ̀nà. Omi kì í jẹ àpáta líle bíi ti Olúmọ bẹ́ẹ̀. Sísán ló máa ń sán, tí ègé ńlá á ya, tí ọ̀kan á gun orí èkejì, tí abẹ́ rẹ̀ á sì ṣófo. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ihò òkè ilẹ̀ Yorùbá fi jẹ́ ibi ìfarapamọ́ ju ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà, òrùlé àpáta ni. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wú egungun èèyàn àtijọ́ kan jáde ní 1965. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ihò ọlọ́nà púpọ̀ tó kún fún àdán, kó fi ìsinmi mìíràn lọ Ogbunike ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Àtẹ̀gùn 317 ni wọ́n ń sọ̀ dé ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́. Níbi tí àdán bá pọ̀ sí, ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ má da ilẹ̀ rú, nítorí ìgbẹ́ àdán tó ti gbẹ lè kó àìsàn sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ gun orí Olúmọ tán, ẹ wo àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà àti Odò Ògùn. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, Ìtòkú kò jìnnà, ibẹ̀ ni àdìrẹ wà. Ẹ rà á tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ máa gbé e kiri títí di Sọ́ńdè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sùn sí Ìsẹ́yìn

Kí aago méjì ọ̀sán má bá yín ní Abẹ́òkúta. Ẹ bèèrè ní Kútọ̀ ibi tí mọ́tò Ìsẹ́yìn ti ń gbéra, kí ẹ sì bi awakọ̀ léèrè ọ̀nà tó fẹ́ gbà kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan máa ń sùn sí Abẹ́òkúta torí ilé ìtura pọ̀ níbẹ̀. Èmi ò gbà wọ́n nímọ̀ràn ẹ̀. Ẹni tó bá sùn sí Abẹ́òkúta kò ní dé ìdí òkè títí oòrùn yóò fi gòkè, àpáta tó bá ti yá oòrùn tán kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gùn.

Ní Ìsẹ́yìn, ẹ wo yàrá kí ẹ tó sanwó: ṣé ilẹ̀kùn ń tì, ṣé omi wà? Tí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń hun òfì. Ẹ jẹ àmàlà, ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ sì bá ọlọ́kadà tàbí onítáksí kan sọ ọ́ pàtó pé aago mẹ́fà àárọ̀ lẹ ń lọ. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ sọ iye owó náà tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: Adó-Àwáyè

Láti Ìsẹ́yìn sí Adó-Àwáyè jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 20. Ẹ ó ti máa rí òkè náà kí ẹ tó dé ìlú. Ẹ lọ fi ara hàn níbi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé, kí ẹ sì mú amọ̀nà. Ẹ má sọ pé ẹ ti wo fídíò rẹ̀. Títí dé orí àtẹ̀gùn, ọ̀nà hàn gbangba. Àmọ́ lórí òkè, àpáta títẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ lára òkúta, ibi gbogbo sì jọra wọn. Ọmọ ìlú ló mọ ibi tí wọ́n ń gbà. Ẹ dá iye rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì fún un ní omi tiyín mu. Òun náà ń làágùn.

369 ni iye àtẹ̀gùn tí wọ́n máa ń pè. Bí a ṣe ń gùn ún rèé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù ni kó wà níwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn; tó bá wà lẹ́yìn, ìgbàkígbà tó bá lé yín bá ni ẹ̀yin tí ẹ ti sinmi á tún gbéra, òun ò sì ní sinmi rárá. Ẹ ka àádọ́ta àtẹ̀gùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ mu omi ẹnu kan. Ẹ dúró ni mo wí, ẹ má jókòó. Ẹni tó bá jókòó, itan rẹ̀ á gan. Ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, kì í ṣe ọmọ ìka nìkan. Tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ojú ń ṣú òun, tàbí orí ń fọ́ ọ, tàbí tí kò làágùn mọ́ tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà yẹn ní díẹ̀díẹ̀, ẹ da omi sí i lọ́rùn, kí ẹnì kan sì bá a sọ̀ kalẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, ẹ má fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Lókè, amọ̀nà á mú yín kọjá níbi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, àwọn àmì tó dà bí ipa ẹsẹ̀ lára òkúta. Ẹ ó rí òkúta Iṣage tó dúró lórí etí òkúta mìíràn bíi pé ẹnì kan gbé e síbẹ̀ tó sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ má lọ máa tì í fún fọ́tò.

Ibi tó ń jẹ́ Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀nà náà fún, ìsàlẹ̀ sì jìn. Kí ẹnì kan máa kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ so okùn bàtà yín tán, ẹ fún ẹlòmíràn ní báàgì, ẹ kọjú sí àpáta, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i. Nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta gbọ́dọ̀ di nǹkan mú nígbà gbogbo. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kó máa ṣípò. Kí fóònù wà nínú àpò. Ẹni tí ibi gíga máa ń kó ní òòyì, kó sọ ọ́ síta, kó sì jókòó síbi tí amọ̀nà bá fi hàn án títí ẹ̀yin yóò fi padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n fi yẹ̀yẹ́ tì sórí àpáta ló máa ń ṣubú.

Adágún Ìyàkẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú koríko àti igi létí rẹ̀. Àwọn amọ̀nà á sọ fún yín pé irú rẹ̀ kan péré ló tún kù láyé, ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Adágún orí òkè pọ̀ láyé, èmi ò sì rí ìdí tí Ìyàkẹ́ fi gbọ́dọ̀ ní orogún kan ṣoṣo kó tó dùn ún wò. Èyí tó ṣe pàtàkì ni òfin ibẹ̀: wọn kì í wẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í ju nǹkan sí i. Àwọn ará ìlú gbà pé kò nísàlẹ̀, ojúbọ ni wọ́n sì kà á sí. Ẹni tí kò gba ìyẹn gbọ́, kó rántí pé ẹsẹ̀ lè rì sínú ẹrẹ̀ etí omi tí kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń yọ èèyàn nínú omi lórí òkè. Adágún mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Agbómọfúnyàkẹ́. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà sọ ìtàn rẹ̀ fún yín létí rẹ̀ gan-an.

Ejò ń bẹ lórí òkè. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò tí ojú yín kò dé, ẹ má sì jókòó sórí òkúta láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kúrò níbẹ̀ kó tó wú, ẹ fi igi àti aṣọ di ibẹ̀ kó má lè mira, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ kó rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìsọ̀kalẹ̀ àti àbọ̀

Kí aago mẹ́wàá má kọjá kí ẹ tó kọjú sí ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ má na ẹsẹ̀ gan. Níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kí ẹ máa yà sọ́tùn-ún, kí ẹ máa yà sósì, dípò kí ẹ kọjú sí ìsàlẹ̀ gbọọrọ. Ẹ má sáré, kódà bí ebi bá ń pa yín.

Fún àbọ̀, ẹ padà sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ gba Mọ́níyà lọ sí Ìbàdàn. Nǹkan bí kìlómítà 65 ni ọ̀nà Mọ́níyà yẹn. Láti Ìbàdàn, ẹ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, kí ẹ sì sọ̀ ní Ṣàgámù Interchange, kí ẹ wá wọ mọ́tò Ìkòròdú. Ẹ̀yin ó ti yà kí àwọn ará Èkó tó lọ há sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ní ọ̀dọ̀ àwọn ibùdó ìjọsìn iwájú. Níbi ìrìn àjò, ó kéré tán, ó ní àǹfààní téèyàn fi jẹ́ ará Ìkòròdú.

Ní alẹ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kí ẹ yẹ ẹsẹ̀ yín wò láàárín ọmọ ìka. Itan àti orókún á ro yín ní Mọ́ńdè, á tún ro jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Túsìdeé. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nílé, ẹ má dùbúlẹ̀ sójú kan. Àmọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tó bá wú, tí ẹ kò lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olóògùn ìta. Ẹ lọ ya fọ́tò egungun. Bákan náà, tí ibà tàbí ikọ́ bá dé ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ wọ ihò àdán, ẹ dárúkọ ihò náà fún dókítà kó tó kọ oògùn ibà fún yín.